Òtútù àti Ara Gbígbọ̀n Lẹ́yìn Eré Ìje Ọlọ́nà Jíjìn: Kì í Ṣe Gbogbo Rẹ̀ Ni Ibà

Eré sísá ọlọ́nà jíjìn ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì ọdún 2016 tí wọ́n ti kọ́kọ́ sá eré máratọ́ọ̀nì ìlú Èkó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbà pé kìlómítà 42 àti mítà 195 kì í ṣe ohun tí àwọn ará Kenya nìkan lè sá dé òpin. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níhìn-ín, a kò tíì gbàgbé ìrìn ìlera tí wọ́n pè ní Walk to Live, èyí tí ó kó òṣìṣẹ́ ìjọba àti ará ìlú jáde sí títì ní àkókò ìṣàkóso Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá. Àwọn agùnbánirọ̀ tí wọ́n ń wá sí ibùdó NYSC ní Ẹdẹ mọ ìrìn àfaradà dáadáa. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa pẹ̀lú a máa ṣe ìdíje eré ìdárayá wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ṣì wà nínú afẹ́fẹ́.

Ohun rere ni èyí, nítorí ìlera lọrọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó máa ń dẹ́rù ba àwọn tí wọ́n dúró síbi tí eré ti ń parí. Ẹni tí ó ti ń làágùn yọ̀bọ̀ láti wákàtí méjì tàbí mẹ́ta yóò dé òpin eré, wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún un, yóò jókòó. Kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, eyín rẹ̀ yóò máa lu ara wọn, ètè rẹ̀ yóò sì gbẹ. Oòrùn lè máa ràn lọ́wọ́ nígbà náà, síbẹ̀ yóò máa bèèrè aṣọ ìbora. Ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tí ó yí i ká ni pé, “Ibà ni. Ẹ sáré lọ ra oògùn ibà wá.”

A kọ àlàyé yìí kí àwọn ará Ọ̀ṣun lè mọ ohun tí ó ń fa òtútù yìí, kí a lè mọ èyí tí yóò lọ fúnra rẹ̀ bí a bá tọ́jú ẹni náà dáadáa, kí a sì dá èyí tí ó lè gba ẹ̀mí ènìyàn mọ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín wọn, àwọn àmì rẹ̀ kò sì ṣòro láti kọ́.

Ibi tí ooru ara ti ń wá

Ara ènìyàn tí ó le máa ń wà ní ìwọ̀n ìgbóná tí kò jìnnà sí 37°C, yálà ọyẹ́ ń fẹ́ ní Iléṣà tàbí oòrùn ń mú ní Òṣogbo. Apá kan wà nínú ọpọlọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ ìgbóná yìí tọ̀sán-tòru. Bí ara bá ń gbóná jù, yóò mú kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lábẹ́ awọ fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná lè wá sí ìta, yóò sì mú kí òógùn jáde. Bí ara bá ń tutù jù, yóò mú kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ náà sún kì, yóò sì pàṣẹ fún iṣan ara kí ó máa gbọ̀n. Gbígbọ̀n yìí kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ni ara ń ṣe láti mú ara rẹ̀ gbóná. Ooru tí ó ń ti ibẹ̀ jáde lè tó ìlọ́po márùn-ún èyí tí ara ń mú jáde nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́.

Nígbà tí ènìyàn bá ń sáré, ooru pọ̀ lára rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Nínú gbogbo agbára tí iṣan ń lò, bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni ó ń gbé ẹsẹ̀ síwájú. Ìyókù ń di ooru. Ẹ wo ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń gun òkè: bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbóná, omi inú rẹ̀ àti fáànù rẹ̀ sì ni ó ń gbé ooru náà jáde kí ó má baà jóná. Òógùn ni omi tiwa. Sárésáré lè làágùn tó lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan. Bí òógùn náà ti ń gbẹ kúrò lára ni ó ń gbé ooru lọ.

Ìdí tí òtútù fi ń mú ni lẹ́yìn tí a bá dúró

Níbi òpin eré ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá dúró, iṣan kò mú ooru púpọ̀ jáde mọ́. Ẹ́ńjìnnì ti kú. Ṣùgbọ́n fáànù ṣì ń yí: àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ ṣì fẹ̀, òógùn ṣì ń jáde, aṣọ tí ó ti rin gbingbin ṣì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àti àyà. Ooru ń jáde lọ, kò sì sí òmíràn tí ó ń rọ́pò rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọpọlọ yóò mọ̀ pé ara ń tutù kíákíá, yóò sì pàṣẹ kí iṣan máa gbọ̀n.

Aṣọ tútù ni ó ń dá kún ọ̀ràn náà jù lọ. Omi a máa fa ooru kúrò lára ní ìlọ́po bí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ju afẹ́fẹ́ gbígbẹ lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó wọ aṣọ tí ó kún fún òógùn fi lè máa gbọ̀n lábẹ́ igi, nígbà tí ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ gbígbẹ kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kankan ń fẹ́.

Ohun kejì ni pé epo ti ń tán nínú ara. Oúnjẹ tí ẹ̀dọ̀ àti iṣan tọ́jú pa mọ́ gẹ́gẹ́ bí ṣúgà a máa dínkù gidigidi lẹ́yìn eré wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Ara tí kò ní epo kò lè gbọ̀n pẹ́, kò sì lè mú ara rẹ̀ gbóná bí ó ti yẹ. Nígbà mìíràn, àìsí ṣúgà tó nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni ó ń mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí òógùn tútù máa bo iwájú orí, kí ojú sì máa ṣú ẹni náà.

Ohun kẹta kì í yọjú títí di ìrọ̀lẹ́ tàbí òru ọjọ́ náà. Eré ọlọ́nà jíjìn a máa fa ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ nínú iṣan ẹsẹ̀. Bí ara ti ń tún ọgbẹ́ náà ṣe, ó ń tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí ó jọ èyí tí ó ń tú jáde nígbà tí àìsàn bá wọlé. Nítorí náà ni ara ríro àti òtútù díẹ̀ fi lè bá sárésáré lórí ibùsùn. Bí ó bá jẹ́ èyí nìkan ni, kì í le, ìsinmi, oúnjẹ àti omi sì tó fún un.

Ọyẹ́, òjò àti ọ̀kadà

Ènìyàn lè rò pé ọ̀rọ̀ òtútù kò kan ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Ẹni tí ó bá ti jí ní ìdájí ọjọ́ ọyẹ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láàárín àwọn òkè tí ó yí Iléṣà àti Erin-Ìjẹ̀ṣà ká, kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tutù ní òwúrọ̀, ó sì gbẹ. Nítorí gbígbẹ rẹ̀, òógùn a máa tètè fò kúrò lára, ooru ara a sì máa bá a lọ. Ìdájí sì ni a sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ eré ìje kí oòrùn tó mú. Ní àkókò òjò ẹ̀wẹ̀, òjò lè ká sárésáré mọ́ àárín ọ̀nà, aṣọ yóò sì tutù látòkè délẹ̀ kí ó tó dé òpin.

Ibi tí ó yẹ kí a ṣọ́ra jù ni ọ̀nà ilé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n wá sáré ni kò ní ọkọ̀. Bí eré bá parí, wọn yóò gun ọ̀kadà tàbí kí wọ́n jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní òrùlé, nínú aṣọ kan náà tí wọ́n fi sáré. Láti Òṣogbo dé Iléṣà tó nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà. Afẹ́fẹ́ tí ó ń lu ènìyàn lórí ọ̀kadà ní gbogbo ọ̀nà yẹn, pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́rùn àti inú òfìfo, lè sọ òtútù kékeré di ńlá. Bí a bá ní ká yan ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí gbogbo ènìyàn rántí nínú àlàyé yìí, òun ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gun ọ̀kadà lọ sílé lẹ́yìn eré ìje láì kọ́kọ́ pààrọ̀ aṣọ.

Ohun tí òtútù lè ṣe fún sárésáré hàn gbangba lórílẹ̀-èdè China ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Àwọn 172 ni wọ́n jáde fún eré ìje kìlómítà 100 lórí òkè ní agbègbè Baiyin ní ìpínlẹ̀ Gansu. Ojú ọjọ́ ṣàdédé yí padà, òjò tútù, yìnyín àti ìjì líle dé bá wọn lórí òkè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ aṣọ eré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn 21 ni ó kú, àwọn tí wọ́n mọ eré sá dáadáa sì wà lára wọn. Òtútù ilẹ̀ wa kò tó ti òkè Gansu, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé kò yàtọ̀: aṣọ tútù, afẹ́fẹ́, àárẹ̀, àti àìsí ibi ààbò nítòsí.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn gbà pé bí ìgbóná inú ara bá ti wálẹ̀ kọjá 35°C, ewu ti dé. Ẹni tí ó ń gbọ̀n ṣì ń bá òtútù jà. Bí ẹni tí ó ti ń gbọ̀n bá ṣíwọ́ gbígbọ̀n, tí kò sì tíì móoru, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ń lọ́ra, tí oorun sì ń kùn ún, ẹ má ṣe yọ̀ pé ara ti balẹ̀. Agbára ara ni ó ti tán.

Omi díẹ̀ jù, omi púpọ̀ jù

A ti kọ́ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n mu omi, ẹ̀kọ́ náà sì dára. Síbẹ̀ ó ní ìwọ̀n. Ẹni tí ó ń mu píọ́wọ́tà lé píọ́wọ́tà ní gbogbo ọ̀nà, láì jẹ́ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, lè mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dínkù jù. Nígbà eré máratọ́ọ̀nì ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2002, àwọn dókítà gba ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 fún àyẹ̀wò lẹ́yìn eré. Ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, àwọn tí wọ́n sì mu omi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi wúwo sí i lẹ́yìn eré ni ọ̀ràn náà kàn jù.

Àmì rẹ̀ ni orí fífọ́ tí ń le sí i, èébì, ìka ọwọ́ tí ó wú, àti kí ènìyàn máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tí ó wà. Bí ó bá le, gìrì lè mú un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba omi lásán sí i. Ilé ìwòsàn ló yẹ ẹ́. Fún àwa tí a ń sáré, ìmọ̀ràn náà rọrùn: ẹ mu omi bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ yín tó, kí ẹ sì jẹ ohun tí ó ní iyọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn eré.

Ṣé ibà ni tàbí kì í ṣe ibà?

Ní orílẹ̀-èdè tí ó ń ru bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ibà àgbáyé, kò yani lẹ́nu pé ibà ni ó ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn bí a bá rí ẹni tí ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ibà ti ń wọlé. Láti ọjọ́ tí ẹ̀fọn tí ó ní kòkòrò ibà bá ti jẹ ènìyàn, ó kéré tán ọjọ́ méje ni yóò kọjá kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Nítorí náà, ẹ̀fọn tí ó jẹ yín níbi tí ẹ ti ń dúró de ìbẹ̀rẹ̀ eré ní ìdájí kò lè jẹ́ ohun tí ń mú yín gbọ̀n ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà.

Lóòótọ́, kòkòrò ibà lè ti wà lára ènìyàn kí ó tó jáde wá sáré. Èyí ni ó fi jẹ́ pé àyẹ̀wò ni ó yẹ, kì í ṣe àfojúbù. Òtútù eré a máa lọ láàárín wákàtí kan tàbí méjì bí aṣọ bá ti gbẹ tí oúnjẹ sì ti wọlé. Bí ara bá gbóná tó 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ kejì, tí orí ń fọ́, tí òtútù ń lọ tí ó sì ń padà bọ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ó wà nítòsí yín fún àyẹ̀wò ibà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka tó, èsì rẹ̀ kì í sì í ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa ṣe àyẹ̀wò kí a tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà.

Lílo oògùn láì ṣe àyẹ̀wò ti kó wa sí wàhálà rí. Ọ̀pọ̀ nínú wa rántí kílórókúìnì, oògùn kíkorò tí ó máa ń mú ara yún ni. Kòkòrò ibà kọ́ láti máa yè é, títí tí Nàìjíríà fi yí padà kúrò lórí rẹ̀ sí oògùn alápapọ̀ tí a ń pè ní ACT ní ọdún 2005. Oògùn tí a ń lò lónìí pẹ̀lú lè di aláìlágbára bí a bá ń gbé e mì nítorí òtútù aṣọ tútù. Ewu tí ó tún ju èyí lọ ni pé bí gbogbo ènìyàn bá ti pa ọkàn pọ̀ sórí ibà, wọn kò ní wo ohun tí ó ń ṣe ẹni náà gan-an. Àwọn àgbà sì ti sọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá.

Òtútù tí ó jẹ́ ooru

Èyí ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ jù. Sárésáré lè máa sọ pé òtútù ń mú òun, kí irun ara rẹ̀ dìde, nígbà tí inú ara rẹ̀ ń jó bí iná. Bí ìgbóná inú ara bá kọjá 40°C, tí ọpọlọ kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ẹni náà lè máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kí ó máa bínú láìnídìí, kí ó máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò já mọ́ra, tàbí kí ó ṣubú lulẹ̀. Òógùn lè ṣì wà lára rẹ̀. Bí a bá gbé aṣọ ìbora bò ó nítorí pé ó ní òtútù ń mú òun, a ń ràn ikú lọ́wọ́.

Bí a ṣe lè mọ ìyàtọ̀ ni pé kí a fi ọwọ́ kan àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí a sì bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tí awọ ara rẹ̀ tutù, tí ó ń dáhùn ìbéèrè dáadáa, òtútù lásán ni ó ń mú un. Ẹni tí àyà rẹ̀ gbóná janjan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dàrú, ooru ni ó ń pa á. Ẹ gbé e sí abẹ́ ibòòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù lé e lórí àti lára láì dáwọ́ dúró, ẹ máa fẹ́ ẹ, tàbí kí ẹ gbé e sínú ọpọ́n ńlá tí omi tútù kún inú rẹ̀ kí ẹ sì di orí rẹ̀ mú. Ẹ kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ tutù níbẹ̀ bí ẹ ti ń pe ọkọ̀ aláìsàn. Gbogbo ìṣẹ́jú ni ó ní iye.

Àpẹẹrẹ ìjà ooru yìí ti pẹ́. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Stockholm ní ọdún 1912, Francisco Lázaro, ọmọ ilẹ̀ Potogí, ṣubú lójú ọ̀nà eré máratọ́ọ̀nì lábẹ́ oòrùn, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Wọ́n ròyìn pé ó ti fi ọ̀rá pa ara, èyí tí kò jẹ́ kí òógùn rí ọ̀nà jáde. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti fi òrí tàbí ìpara tí ó nípọn bo gbogbo ara kí ẹ tó sáré, ẹ rántí èyí.

Fòníkú-fọ̀ladìde àti àwọn tí ó jẹ́ AS

Bí ẹni kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS. Púpọ̀ jù lọ nínú wọn ń sáré láìsí ìṣòro kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fi gbogbo agbára sáré nínú ooru, tí omi sì ti dínkù lára wọn, ẹ̀jẹ̀ àwọn díẹ̀ nínú wọn lè yí padà, kí iṣan wọn má rí atẹ́gùn gbà. Ẹsẹ̀ yóò dùn wọ́n, yóò sì rọ, wọn kò ní lè dìde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè wọ́n ní ọ̀lẹ tàbí kí ó máa ti wọ́n síwájú. Kí wọ́n dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ti àwọn tí wọ́n jẹ́ SS, òtútù, àìmu omi tó àti àárẹ̀ jẹ́ ohun mẹ́ta tí ó lè jí ìrora wọn dìde, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì máa ń pàdé níbi òpin eré ìje. Kí wọ́n má ṣe wọ eré ọlọ́nà jíjìn láì gba ìmọ̀ràn dókítà. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá mọ irú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ kó jáde.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́

Fún ẹni tí òtútù lásán ń mú, tí orí rẹ̀ sì pé:

1. Kí ó má ṣe jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ó rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ooru má baà já lulẹ̀ lójijì.
2. Kí ó bọ́ gbogbo aṣọ tútù, títí kan ti inú àti ìbọ̀sẹ̀. Kí ó fi táwẹ́ẹ̀lì nu ara gbẹ, kí ó sì wọ aṣọ gbígbẹ. Kí ó fi nǹkan bo orí.
3. Kí ó kúrò níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Inú gbọ̀ngán tàbí inú ọkọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀ dára ju abẹ́ igi lọ.
4. Kí ó mu ohun gbígbóná tí ó ní ṣúgà: tíì, ẹ̀kọ mímu tàbí ògì. Lẹ́yìn náà kí ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, búrẹ́dì tàbí mọ́ínmọ́ín.
5. Kí ẹnì kan dúró tì í títí gbígbọ̀n náà yóò fi lọ.

Àwọn ohun kan wà tí kò yẹ kí a ṣe. Ẹ má ṣe fún un ní ògógóró tàbí àgbo tí a fi ọtí rẹ. Ọtí a máa mú kí ojú àti àyà gbóná nítorí pé ó ń la òpó ẹ̀jẹ̀ awọ, ṣùgbọ́n ooru inú ara ni ó ń tú dànù. Ẹ má ṣe fi omi tí ó ń hó wẹ̀ ẹ́ lójijì, nítorí òòyì lè kọ́ ọ kí ó sì ṣubú. Kí ó sì yẹra fún oògùn apàrora bí àìbúpúrófẹ́ẹ̀nì kí ó tó sáré tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn náà lè ba kíndìnrín jẹ́ nígbà tí omi kò bá tó lára.

Àwọn àmì tí ó yẹ kí a torí wọn gbé ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn

Ẹ má ṣe dúró bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

- ọ̀rọ̀ tí ó dàrú, oorun àìròtẹ́lẹ̀, gìrì, tàbí dídákú;
- àyà tí ó gbóná janjan pẹ̀lú ìwà tí kò bójú mu;
- gbígbọ̀n tí kò dínkù lẹ́yìn wákàtí kan tí ẹni náà ti wọ aṣọ gbígbẹ, tàbí tí ó ṣíwọ́ nígbà tí ara ṣì tutù;
- àyà dídùn, èémí tí kò tó, tàbí èébì tí kò dá;
- ìtọ̀ tí ó dúdú bí tíì tí kò ní mílíìkì, ní ọjọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì, nítorí pé iṣan tí ó bàjẹ́ lè ti máa dí kíndìnrín.

Ní Òṣogbo, Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Asúbíaró àti Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIOSUN wà. Ní Iléṣà, Ilé Ìwòsàn Wesley Guild, tí ó wà lábẹ́ OAUTHC, wà ní àrọ́wọ́tó. Ẹ lè pe nọ́ńbà pàjáwìrì 112. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ fún wọn pé eré ìje ni ẹni náà sá, iye wákàtí tí ó fi sá a, ohun tí ó mu àti oògùn tí ó lò. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, àwọn náà lè kọ́kọ́ máa wá ibà.

Ọ̀rọ̀ sí àwọn tí wọ́n ń ṣètò eré

Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣètò eré ìje, ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń kó ọmọ jáde, ìjọ tàbí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí ó ń pè fún ìrìn ìlera, ẹ fi owó sílẹ̀ fún òpin eré bí ẹ ti ń fi sílẹ̀ fún ife ẹ̀yẹ. Ẹ ní kí olúkúlùkù kó aṣọ gbígbẹ sínú ọ̀rá kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, kí ọkọ̀ kan gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí òpin. Ẹ pèsè ibi tí ó ní òrùlé àti ògiri, omi gbígbóná, ìkòkò ẹ̀kọ, àti aṣọ ìbora. Ní ìlú òyìnbó, ìbora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń dán bí fàdákà ni wọ́n ń fún sárésáré. Bí ẹ kò bá rí i, ìró àti súwẹ́tà àtijọ́ ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ ní ọpọ́n ńlá àti omi tútù nítorí ẹni tí ooru bá kọlù. Ẹ fi nọ́ọ̀sì kan tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná ara sí ibẹ̀ títí ẹni ìkẹyìn yóò fi dé.

Ẹni ìkẹyìn yìí ni a sábà máa ń gbàgbé. Àwọn tí wọ́n gba ipò kìíní ti wọ aṣọ, wọ́n ti gba ẹ̀bùn, akọ̀ròyìn ti ya fọ́tò wọn. Ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí ó ti ń rìn láti ìbùsọ̀ mélòó kan nítorí pé okun rẹ̀ ti tán, kò mú ooru jáde tó nípa ìrìn rẹ̀, aṣọ rẹ̀ sì tutù. Òun ni òtútù ń wá. Bí ó bá dé tí wọ́n ti ká àgọ́ kúrò nílẹ̀, ta ni yóò bojú tó o?

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sáré. Ẹ máa sáré, ẹ máa rìn, nítorí ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ yín nílò rẹ̀. Bí ẹ bá ń palẹ̀ mọ́ fún eré tí ó kàn, kí ẹ tó kó bàtà sínú àpò, ẹ kọ́kọ́ kó aṣọ gbígbẹ kan sí i.